Ọmọ tó kọ́ ìwé sórí kò tíì mọ ìwé kà

Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní ìwé kíkà ni mo ń ṣe, ohun kan sì wà tí ìrírí ti fi yé mi tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ àti òbí fi sọ́kàn. Kí a tó sọ pé ọmọ kan mọ ìwé kà tàbí pé kò mọ̀ ọ́n kà, ó yẹ kí a jókòó ti òun nìkan, kí a sì fi etí ara wa gbọ́ bí ó ṣe ń kà á. Kíkà àpapọ̀, níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń gbé ohùn sókè tẹ̀lé olùkọ́, dára lóòótọ́, ó sì máa ń fún onítìjú ní ìgboyà, ṣùgbọ́n ó tún máa ń bo ẹni tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀ sáàárín àwọn tó mọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ohùn rẹ̀ máa ń yọ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ìwé ìtàn kan nílé tí ọmọ náà kò lè kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kà á lójú mi, ó tilẹ̀ ń ṣí ojú ewé ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Mo wá mú ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú ìwé náà, mo kọ wọ́n sára páálí láìsí àwòrán kankan, mo sì ní kí ó pè wọ́n. Ó wo páálí, ó wo ojú mi, kò sì rí nǹkan kan sọ. Gbogbo ìwé náà ló ti kọ́ sórí. N kò bá a wí, nítorí pé ọmọ tó lè fi etí gba odindi ìtàn ti ṣe iṣẹ́ ńlá: ó mọ bí ìtàn ṣe ń lọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í yí padà, ó sì mọ̀ pé láti òsì lọ sí ọ̀tún la ti ń kàwé. Ohun tí kò tíì yé e ni pé ìró tí ẹnu ń pè ni lẹ́tà dúró fún.

Nítorí náà, n kò fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ rárá. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìdàgbàsókè ọmọdé kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, D. B. Elkonin, ló dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò títí di òní: a ó ya àpótí kéékèèké sórí ìwé, ọ̀kan fún ìró kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀, ọmọ yóò sì máa ti òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń pe ìró náà. A bẹ̀rẹ̀ láti orí “ilé”, a lọ sí “adé” àti “ọmọ”. Nígbà tí a dé orí “àgbà”, òkúta mẹ́ta péré ló tì, inú mi sì dùn gan-an, nítorí pé ẹni tí kò fetí sí ìró, tó kàn ń ka iye lẹ́tà, ni ìbá ti mẹ́rin. Ó ti gbọ́ fúnra rẹ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni gb, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì la fi ń kọ ọ́. Ìgbà yẹn ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà rọ́pò òkúta, tí mo sì fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ hàn án. Àwọn kan máa ń gbà wá níyànjú pé kí a fi àmì ohùn sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i. Èmi kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ọmọ tí ó rí “igba” láìmọ ohun tí àmì orí ọ̀rọ̀ wà fún yóò kàn máa méfò ni, àméfò gan-an sì ni ohun tí a fẹ́ mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi wá bá mi pẹ̀lú àníyàn pé ọmọ òun ti ń falẹ̀ nínú ìwé kíkà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé fún un pé ìsinsìnyí gan-an ni ọmọ náà ń kàwé.

Kí á má fi ìfàsẹ́yìn nínú èdè kan pe ọmọ ní olódo. Ìwádìí tí Seymour, Aro àti Erskine gbé jáde ní ọdún 2003 lórí àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìwé kíkà ní èdè tí lẹ́tà rẹ̀ bá ìró rẹ̀ mu, bí èdè àwọn ará Finland, máa ń ka ọ̀rọ̀ dáadáa kí ọdún àkọ́kọ́ wọn ní ilé-ìwé tó parí, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro ọmọkùnrin kan tí mo tún kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè pè, geere ló ń kàwé, ṣùgbọ́n bí mo bá pa ìwé dé tí mo sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn, kò ní lè sọ ọ́. Ní ọdún 1986, Philip Gough àti William Tunmer, àwọn olùṣèwádìí nípa ìwé kíkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ bí ìṣirò ìsọdipúpọ̀: kíkà pẹ̀lú òye jẹ́ mímọ ọ̀rọ̀ pè tí a fi gbígbọ́ èdè lágbọ̀ọ́yé sọ di púpọ̀, tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì jẹ́ òdo, òdo ni àbájáde rẹ̀ yóò jẹ́. Ìtàn tí mo fún un dá lórí òkun, kò sì mọ púpọ̀ nínú ohun tí ìtàn náà ń dárúkọ. Láti ìgbà náà ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ìwé dá lé lórí kí a tó ṣí i, mo sì máa ń ka ìtàn tó ga ju agbára kíkà rẹ̀ lọ sí i létí, tí n ó máa dúró láàárín láti bi í pé kí ló rò pé yóò tẹ̀ lé e. Kò yára, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi dúró fúnra rẹ̀ láti béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Fún àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú làálàá, kíkà ní àkàtúnkà, tí olùṣèwádìí nípa ìwé kíkà kan, Samuels, kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1979, ni mo máa ń lò: àyọkà kúkúrú kan náà ni ọmọ yóò kà lákàtúnkà títí tí yóò fi já geere, kí ọkàn rẹ̀ lè ráyè fún ìtumọ̀. A tún rí ọmọ kan tó máa ń fo ìlà, tó sì jẹ́ pé dókítà ojú ló nílò.

Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ yóò béèrè ibi tí àyè gbígbọ́ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò ti wá. Ọmọ díẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ lóòjọ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ń kàwé fún ara wọn ní méjì méjì, mo sì ń kọ ibi tí ẹnu ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kọ́ àti ohun tí ó pè dípò ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kan. Tí òbí bá wá béèrè ipò tí ọmọ rẹ̀ wà, ojú ewé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí hàn án, kí n tó mú èsì ìdánwò jáde.