Tàímìnì ẹ́ńjìnì àtijọ́: mo ṣe é sí díígírì 10, síbẹ̀ mọ́tò ò fà, ó tún ń gbóná

Atúnmọ́tòṣe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ́ńjìnì sìlíńdà mẹ́rin ni, oníkàbúrétọ̀, kọ̀ǹtáàtì ló sì wà nínú dísíríbútọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Mo pààrọ̀ kọ̀ǹtáàtì àti kọ̀ǹdẹ́ńsà, mo fi iná tàímìnì ṣe tàímìnì, ìyẹn ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń taná, sí díígírì 10 ṣáájú tọ́ọ̀pù (ibi tí písítìnì ga dé jù), bí ìwé mọ́tò náà ṣe wí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá wọn àlàfo kọ̀ǹtáàtì. Mo bá a ní 0.55 mm, mo sì dín in kù sí 0.40 tí ìwé kọ. Láti ìgbà náà, tó bá ń gun òkè, àfi bíi pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ọwọ́ géèjì ìgbóná sì ń lọ sókè. Àmì orí púlì náà kì í dúró lójú kan tí mo bá tan iná sí i, ó ń fò síwá sẹ́yìn bíi díígírì 4. Ibo ni kí n wò? Ṣé dandan sì ni kí n yọ róbà fákúọ̀mù, èyí tó ti kàbúrétọ̀ lọ sí dísíríbútọ̀?

Ọ̀gá Súpánà
Ẹ kú làálàá. Ibi tó ti wọ́ ni pé ẹ ṣe tàímìnì kí ẹ tó ṣe àlàfo. Àlàfo ló ń ṣáájú, ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí ojú kọ̀ǹtáàtì méjèèjì bá padé, kóìlì ń gba agbára sára ni. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà ni púlọ́ọ̀gì ń taná. Tí àlàfo bá fẹ̀, wọn á tètè pínyà, iná á ṣíwájú. Tí ẹ bá dín in kù, á pẹ́ kí wọ́n tó pínyà, iná á rẹ̀yìn. Díígírì 10 yẹn ti sá lọ ní kété tí ẹ fọwọ́ kan àlàfo. Epo wá ń jó nígbà tí písítìnì ti ń sọ̀ kalẹ̀, agbára rẹ̀ ò lè tì í dáadáa mọ́, ooru tó ṣẹ́ kù ń gba ẹnu fáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì jáde. Ìdí tí mọ́tò fi ń gbóná nìyẹn.

Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnì títí gìgísẹ̀ kọ̀ǹtáàtì á fi gun góńgó káàmù inú dísíríbútọ̀ gan-an, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wọn àlàfo. Irin pẹlẹbẹ 0.40 gbọ́dọ̀ wọlé kó máa fara ra ojú méjèèjì díẹ̀, kò gbọdọ̀ ta apá kọ̀ǹtáàtì sókè. Ẹ dì súkúrú rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n, torí dídì yẹn gan-an a máa yí i. Ẹ fi bébà mímọ́ nu ojú kọ̀ǹtáàtì, òróró ara irin ìwọ̀n a máa jóná sójú rẹ̀. Tín-ín-rín gírísì sára káàmù, bí orí ìṣáná. Tí kò bá sí, gìgísẹ̀ á jẹ, àlàfo á máa kéré sí i, tàímìnì á sì máa rẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ti kọ̀ǹtáàtì àlòkù tó ti yọ gegele lójú kan, tó dá ihò sí ìkejì, irin pẹlẹbẹ á purọ́ fún yín. Géèjì díwẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ fi wò ó; díwẹ́ẹ̀lì ni iye díígírì tí ojú kọ̀ǹtáàtì fi wà ní pípadé. Bí díwẹ́ẹ̀lì bá fi díígírì 1 pọ̀ sí i, tàímìnì lórí kíráńkì á fi nǹkan bíi díígírì 1 rẹ̀yìn.

Mama Kíráńkì
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Kí ẹ tó tún tan iná tàímìnì, ẹ fi gílóòbù 12 fóòtì ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnì kú. Ẹ gbé sìlíńdà kìíní wá sí tọ́ọ̀pù, níbi tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì ti pa, kí ẹ lè fọwọ́ mi rọ́kà wọn. Tó bá jẹ́ rọ́kà sìlíńdà kìíní ló le, òdìkejì ni ẹ wà, ẹ yí kíráńkì lódindi kan sí i. Rótọ̀, apá tó ń yí nínú dísíríbútọ̀, gbọ́dọ̀ kọjú sí wáyà púlọ́ọ̀gì kìíní.

Ẹ so ẹsẹ̀ gílóòbù kan mọ́ ojú kóìlì tó lọ sí dísíríbútọ̀, ìkejì mọ́ irin ẹ́ńjìnì tó mọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ yí ẹ́ńjìnì sí apá tó máa ń yí sí nìkan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí àmì á fi dé díígírì 10. Tí ẹ bá kọjá, ẹ má kàn dá a padà síbẹ̀: ẹ dá a padà kọjá dáadáa, kí ẹ tún bọ̀ wá, torí ṣéènì tàbí gíà a máa ní ìdẹ̀. Ẹ tú bóòtì ọrùn dísíríbútọ̀ díẹ̀, ẹ yí i. Ojú ibi tí gílóòbù bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, ibẹ̀ ni kí ẹ dì í. Tí ẹ bá yí ara dísíríbútọ̀ lòdì sí apá tí rótọ̀ ń yí sí, tàímìnì á ṣíwájú. Tí ẹ bá yí i tẹ̀ lé rótọ̀, á rẹ̀yìn. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kóìlì á gbóná.

Tí ìwé bá ní kí ẹ yọ róbà fákúọ̀mù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi bóòtì dí ẹnu èyí tó ti kàbúrétọ̀ wá. Tí ẹ ò bá dí i, á máa fa atẹ́gùn, síláwù (bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí ẹ ò tẹ iná) á yí padà, òǹkà á sì di asán. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi ẹnu fa èyí tó lọ sí dísíríbútọ̀, kí ẹ fi ahọ́n dí i. Pátákó kọ̀ǹtáàtì gbọ́dọ̀ sún, kó sì dúró síbẹ̀. Tó bá padà, awọ inú rẹ̀ ti ya.

Ẹ́ńjìnì Lèmi Mọ̀
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àmì tó ń fò. Ẹ di orí ṣáàfù dísíríbútọ̀ mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá mì, búùṣì rẹ̀ ti jẹ, àlàfo ò sì lè dọ́gba fún sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí kò bá mì, ṣéènì tàímìnì tó ti dẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ó tún lè jẹ́ súpíríǹgì àwọn òṣùwọ̀n abẹ́ pátákó, àwọn tó ń ti tàímìnì síwájú bí ẹ́ńjìnì bá ń yára, ló rọ̀, tí wọ́n ń ṣí lójú síláwù. Ẹ dín síláwù kù díẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá àmì á fara balẹ̀.

Ẹ tẹ iná rẹ̀ dé yíyí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Àmì gbọ́dọ̀ máa rìn síwájú jẹ́jẹ́, kó sì padà sójú 10 tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Tí kò bá rìn, òṣùwọ̀n ti dípẹtà. Tí púlì bá jẹ́ oníróbà láàárín, ẹ rí i dájú pé òrùka ìta ò tíì yọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Tí àmì bá wà ní òdo tí písítìnì kìíní ò sì sí ní tọ́ọ̀pù, àmì náà ló ń purọ́.

Atúnmọ́tòṣe
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi àlàfo sí 0.40, mo tún un ṣe sí 10, ó ti ń fà. Ṣáàfù ń mì lóòótọ́. Ṣé kí n kàn pààrọ̀ kọ̀ǹtáàtì sí ti ẹlẹ́tíróníìkì?

Ọ̀gá Súpánà
Ó lè fara da mímì yẹn ju kọ̀ǹtáàtì lọ, àmọ́ búùṣì tó jẹ á ṣì máa jẹ lọ. Búùṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kó tó dìgbà náà, tí ẹ bá tẹ ẹ́ lórí òkè tí ẹ gbọ́ ariwo bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ẹ fà á sẹ́yìn díígírì 2, kí ẹ tún wò ó. Kọ̀ǹtáàtì tuntun yẹn náà, ẹ padà wọn àlàfo rẹ̀ tí mọ́tò bá ti rin bíi 500 sí 1,000 km, torí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ kó tó jókòó.