Kámẹ́rà géètì ilé màmá mi ń kú ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Akóbọ̀:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Houston ni mo wà, àmọ́ màmá mi wà nílé wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, àwọn nìkan ló sì ń sùn síbẹ̀ látìgbà tí àbúrò mi ti kó lọ sí Mọ́kọ́lá. Kámẹ́rà mẹ́rin la gbé síbẹ̀, oní-12 volt tó ń lọ sínú DVR, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀. Mẹ́ta ò ní wàhálà rárá, ti géètì yìí ló ń dà mí láàmú. Tó bá ti ń di bí aago méje ìrọ̀lẹ́ tílẹ̀ ń ṣú, aago kan ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tèmi níbí, ìgbà tí mo bá ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo máa ń wò ó, àwòrán á pòórá, á dé, á tún pòórá, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe mọ́jú. Tí oòrùn bá ti yọ, ara ẹ̀ á yá. Ẹni tó bá wa gbé e kọ́ ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, a ra tuntun, ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan náà. Ní báyìí ó tún ní ká ra òmíì. Ṣé kí n rà á ni, àbí ẹ mọ irú èyí tó dáa tí mo lè fi ránṣẹ́ láti ibí? Ọkàn mi ò balẹ̀, torí òru gan-an la ṣe rà á.

Wáyà Pupa:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan o bọ̀dá. Kámẹ́rà méjì ò lè máa ṣàìsàn kan náà lójú kan náà. Láti ibi tí ádápítọ̀ tó ń fún un níná wà dé géètì, ó tó mítà mélòó?

Ọmọ Akóbọ̀:
Á tó mítà 35. Pálọ̀ ni ádápítọ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ DVR. Wáyà Cat5, irú èyí tí wọ́n fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ló lò débẹ̀, méjì nínú ẹ̀ ń gbé àwòrán, méjì ń gbé iná.

Tìjẹ̀bú:
Ṣé kì í ṣe dátà ló ń tán lálẹ́? Tèmi ní Ìkòròdú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti burú.

Wáyà Pupa:
Tó bá jẹ́ dátà ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa lọ. DVR kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde.

Onímítà:
Ẹ kú àárò ilé o. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí mo ti gun àkàsọ̀ nítorí irú èyí àìmọye ìgbà. Lọ́sàn-án, kámẹ́rà ò jẹ iná púpọ̀, ká sọ pé 150 milliamp. Tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn gílóòbù infrared kéékèèké tó yí lẹ́ńsì ká á tàn kó lè ríran nínú òkùnkùn, ibẹ̀ ni iná tó ń jẹ ti máa fò lọ sí 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà tínrín tó tún gùn ò lè gbé ìyẹn. Volt tó jẹ́ 12 lẹ́nu ádápítọ̀ á ti dín kù lọ́nà kó tó dé géètì, kámẹ́rà á kú, tó bá sì ti kú kò jẹ iná mọ́, volt á tún gòkè padà, á jí, á tan infrared, á tún kú. Òun lẹ ń rí tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn.

Ẹ ní kí àbúrò yín lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú mítà tí wọ́n fi ń wọn volt, kó wọn iná lẹ́nu kámẹ́rà nígbà tí kámẹ́rà ṣì wà lójú wáyà tó ń ṣiṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì o. Tó bá yọ kámẹ́rà kó tó wọ̀n ọ́n, 12 ló máa rí, á ní wáyà dáa, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, torí kò sẹ́ni tó ń fa nǹkan nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ti ń ṣìnà tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n lọ ra kámẹ́rà. Kó sì fi ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà náà. Tínú ẹ̀ bá funfun, àlúmíníọ̀mù ni wọ́n fi kọ́pà kùn lára, ìyẹn sì burú ju kọ́pà gidi lọ fún gbígbé iná.

Ìyá Àdùkẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ tí ò bá sí mítà ńkọ́? Ẹ ní kó pààrọ̀ wọn. Kó gbé ti géètì wá síbi tó ti sún mọ́ pálọ̀, kó gbé ti ibẹ̀ lọ sí géètì, kí wọ́n wo alẹ́ ọjọ́ kan. Tí àìsàn bá tẹ̀lé kámẹ́rà, kámẹ́rà ni. Tó bá dúró sí géètì, wáyà tàbí ẹnu wáyà ni. Kó sì tú rọ́bà tí wọ́n fi wé ẹnu ẹ̀ kó wò ó dáadáa. Èyí tó wà níta lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta, omi òjò tọ wáyà wọ inú ẹ̀, ẹnu irin ti dípẹtà, ó ti di aláwọ̀ ewé. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ kámẹ́rà síta, mo máa ń dúró tì wọ́n ni, kí wọ́n jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kómi lè máa kán síbẹ̀ kó má bàa wọ kámẹ́rà.

Tìjẹ̀bú:
Ẹ má bínú, mo fẹ́ bá yín fi tèmi kún un. Tèmi kì í kú, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án gbogbo ewéko máa ń pọ́n bí àwọ̀ òdòdó, lálẹ́ ó dáa. Ṣé iná náà ni?

Onímítà:
Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà láàárín lẹ́ńsì àti ojú tó ń ya àwòrán, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dí infrared lọ́sàn-án kó sì yẹra lálẹ́. Tiyín ti há sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fọwọ́ bo ojú kámẹ́rà títí á fi rò pé ilẹ̀ ti ṣú, kẹ́ ẹ sì ṣí i. Tẹ́ ò bá gbọ́ "kẹ́" kékeré kan nínú ẹ̀, mọ́tò tó ń tì í ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ rọra gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nígbà míì ó máa ń tú. Tí ò bá tú, ìyẹn gan-an lẹ lè pààrọ̀.

Ọmọ Akóbọ̀:
Mo ti padà dé o. Àbúrò mi lọ síbẹ̀ lánàá. Lẹ́nu ádápítọ̀, 12.1. Lẹ́nu kámẹ́rà lọ́sàn-án, 10.8. Ó wá dúró dìgbà tílẹ̀ ṣú, ó ní bí infrared ṣe tàn báyìí, ó já sí 8.7, kámẹ́rà kú lójú ẹ̀. Ó ha wáyà, funfun báláú. Ẹnu ẹ̀ gbẹ, kò sómi. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ṣì wà nínú yàrá, ó gbé e sí ádápítọ̀ ní pálọ̀, ó pa gbogbo iná, ó tàn kò sì kú. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀yà ara ẹ̀ kankan ò bàjẹ́, owó màmá mi sì ti lọ.

Onímítà:
Ẹ jẹ́ kí Cat5 yẹn máa gbé àwòrán nìkan. Fún iná, ẹ fa wáyà ilé 1.5mm, kọ́pà gidi, nínú páìpù PVC. Ní mítà 35, kò ní jẹ tó ààbọ̀ volt.

Wáyà Pupa:
Kó ra kọ́pà tí òun fúnra ẹ̀ ha wò nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó.

Ọmọ Akóbọ̀:
Wọ́n ti fà á. 11.7 lálẹ́ àná, infrared ń tàn, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́ ní Ìbàdàn, kò pòórá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn la máa kọ́ sẹ́yìnkùlé. Màmá pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọn dúró lójú fèrèsé lóru, àwọn rí iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lẹ́nu géètì, wọ́n wá bi mí bóyá mo rí àwọn náà.