Iṣẹ́ wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó sú mi: ẹ wá sọ tiyín

Ọlọ́dẹ Òru:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà ni mo máa ń wò lóru ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ará àdúgbò mi gbà pé iṣẹ́ ìgbádùn ni: jókòó, fẹ̀yìn ti àga, gba owó oṣù. Ẹni tí kò ṣe é rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn pín sí yàrá-yàrá, òkùnkùn ló pọ̀ jù níbẹ̀: géètì, ẹ̀yìn ògiri, ibi tí tírélà ti ń já ẹrù. Kò sí ohun tó ń mì. Tí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀rá píọ́wọ́tà kọjá, màá nàró lórí àga, màá tẹ̀lé ọ̀rá náà láti kámẹ́rà kan dé òmíràn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kòkòrò kan bà lé ojú kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá di aago méjì òru, kí n má parọ́, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi pé kí olè kan tiẹ̀ yọjú.

Kì í ṣe oorun o. Oorun rọrùn, kọfí á lé e lọ. Èyí tí mò ń sọ yìí, ojú mi là kedere, n kò kàn rí nǹkan mọ́ ni. Ọ̀gá wa tó jẹ́ sójà fẹ̀yìntì ló sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi rédà ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì máa ń jẹ́ kí àmì kọjá mọ́ wọn lójú. Norman Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, wá gbé aago kan kalẹ̀ láti fi dán èèyàn wò. Ọwọ́ aago náà ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àmọ́ lẹ́kọ̀ọ̀kan á fo méjì pọ̀. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ fún wákàtí méjì, iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó tẹ bọ́tìnnì tó bá ti rí ìfò méjì yẹn. Ní 1948 ni Mackworth tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ tí àmì fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ mọ́ wọn lójú. Látìgbà náà, ààbọ̀ wákàtí là ń lò nídìí kámẹ́rà kí á tó bọ́ síta lọ yí ọgbà ká. Ẹsẹ̀ ń dùn mí báyìí, àmọ́ orí mi pé.

Kọ́pà Ọdún Yìí:
Ẹ̀yin tiẹ̀ ní ohun tí ẹ ń wò, bọ̀dá. Ọ́fíìsì tí wọ́n pín mi sí láti sin ilẹ̀ bàbá mi, "Kọ́pà, ẹ jókòó ná" ni mò ń gbọ́ láàárọ̀, òun náà ni mò ń gbọ́ lọ́sàn-án. Mo ka ìwé ìròyìn àná, mo ka ti ìjẹta, mo ka ìkéde òkú àwọn tí n kò mọ̀ rí títí mo fi mọ orúkọ àwọn àna olóògbé.

Aláró Ìtòkú:
Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 ni tèmi. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Inú wa kọ́kọ́ dùn. Oorun, fíìmù, fóònù. Nígbà tó yá, fíìmù ò dùn mọ́, oorun gan-an di iṣẹ́. Màá ṣí fóònù, màá pa á, màá tún ṣí i, láìsí ẹni tí mò ń retí.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi lọ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ. Wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti abọ́ ẹ̀kọ láfún lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa ya àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn: òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí láàárín, òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, títí aṣọ á fi tán. Ẹ gbà mí gbọ́, òpó àti ṣíbí látàárọ̀ dalẹ́ kò sú mi bí ìjókòó ilé ṣe sú mi. Ẹ̀kọ yẹn kì í gbà fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rìn lọ. Tó bá ki jù, á sán. Tó bá ṣàn jù, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí aṣọ bá ti inú ìkòkò aró jáde ni àṣírí ọwọ́ rẹ á tú lójú gbogbo ilé. Àwọn ìyá ibẹ̀ kì í sì dákẹ́: ọ̀rọ̀ ọkọ ẹni yìí, gbèsè ẹni yẹn. Ta ni í sú?

Tíṣà Ìṣirò:
Ohun tí Aláró sọ yẹn ni mò ń rí ní JSS2. Ọmọ méjì ló máa ń fi bírò lu tábìlì ní kíláàsì mi. Ọ̀kan ti parí iṣẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán sójú pátákó. Èkejì ti ṣìnà láti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ wò wọ́n láti iwájú, ìrísí kan náà ni: ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ojú lójú fèrèsé. Tíṣà tí kò bá fara balẹ̀ á pe àwọn méjèèjì ní ọ̀lẹ, pàṣán kan náà ni wọ́n á sì jẹ. Reinhard Pekrun, ọmọ Jámánì tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ pé iṣẹ́ tó rọrùn jù àti èyí tó le jù ń sú ọmọ bákan náà, pàápàá tí kò bá rí ìwúlò rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì wọ kíláàsì tó kún bíi tèmi. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí ẹni tó yára gbé ìṣirò kalẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, kó lo iye tí wọ́n ń ta kọ́ńgò gààrí lọ́jà lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n máa ń jà lórí iye owó. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jà.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ wá gbọ́ tiyín. Ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà, Timothy Wilson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí èèyàn dá jókòó sínú yàrá fún ìṣẹ́jú 15, kò sí fóònù, kò sí ìwé, àfi bọ́tìnnì tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ta èèyàn. Wọ́n ti tọ́ iná ọ̀hún wò ṣáájú, wọ́n ní àwọn á san owó kó má tún ta àwọn. Ọkùnrin 12 nínú 18 ló fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́! Obìnrin ńkọ́? 6 nínú 24. 2014 ni wọ́n gbé e jáde. Kò yà mí lẹ́nu, mo bá baálé ilé mi ṣe kónílé-ó-gbélé ní 2020. Ó tú fáànù tó ń ṣiṣẹ́, ó tò ó padà, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ló bá tún kọjú sí rédíò.

Ọlọ́dẹ Òru:
Ìyá, ẹ dárí jì wá. Rédíò ọ̀hún ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín:
Mo gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Olùtọ́jú Peckham:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá arúgbó kan, ará Jàmáíkà, wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Bí a bá wọlé, à ń yára ni: oògùn, tíì, wẹ̀, ó dàbọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń pariwo látàárọ̀, bàbá ò wò ó. Àwọn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú pé ó ń kanra. Lọ́jọ́ kan mo rí páálí dómínò lábẹ́ àga, mo tò ó sílẹ̀ nígbà tí tíì ń tutù. Bàbá tí kì í dá wa lóhùn nàró, ó pa tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì borí mi nínú ayò náà bí ẹni ń bá ọmọdé ta á. Ó ní kí n lọ kọ́ ọ dáadáa kí n tó tún wá fi àkókò òun ṣòfò.