Ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà yìí fẹ́ kógbá sílé o! Kí la máa ṣe sí gift card, dìpọ́síìtì àti kámẹ́rà tó wà lọ́dọ̀ wọn?

Onífọ́tò Woolwich:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kan tó ní ẹ̀ka káàkiri UK níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹni tó mọ̀ ti mọ̀, ìròyìn ti gbòde pé gbèsè ti mu wọ́n dé ọrùn, wọ́n ń wá ẹni tó máa ra ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ wá wò ó, gift card £150 wọn wà lọ́wọ́ mi tí bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ta mí lọ́rẹ, mo ti san dìpọ́síìtì £200 lórí lẹ́ǹsì 70-200 (èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni) tí wọ́n ní ọjà ẹ̀ ò tíì wọlé, kámẹ́rà mi kan tún wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń bá mi tún ṣe. Mo sì ní òwàmbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, ọgọ́ta ọdún màmá kan ni, wọ́n ti sanwó fún mi pátá. Ọmọ tó wà ní kaǹtà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí wàhálà kankan. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀ lóòótọ́?

Àǹtí Dagenham:
Àbúrò, má fọkàn balẹ̀ o, àmọ́ má sáré kiri náà. Mo pẹ́ gan-an ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yanjú ìjà káàdì ní báǹkì kan, ohun tá a máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé, báwo lẹ ṣe sanwó? Torí nǹkan mẹ́ta tó o kà sílẹ̀ yẹn, ọ̀nà wọn ò pa pọ̀ rárá.

Gift card ló léwu jù. Kò yàtọ̀ sí owó tá a kó fún alájọ, ọjọ́ tí alájọ bá sá lọ, káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹ ò lè ra gààrí. Lónìí lónìí ni kó o dìde lọ ná an. Bátìrì, memory card, charger, ohunkóhun tó o máa gbé jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹ. Má fi ra ohun tí wọ́n máa ní kó o lọ máa retí, ṣe lo kàn máa gbé gbèsè kúrò nínú àpò kan sí òmíì.

Dìpọ́síìtì ńkọ́? Kírẹ́díìtì káàdì lo fi san án àbí débíìtì?

Onífọ́tò Woolwich:
Kírẹ́díìtì káàdì ni, Àǹtí. Lẹ́ǹsì yẹn lé ní £1,500, £200 yẹn nìkan ni mo ṣì san. Kámẹ́rà ló ń já mi láyà jù sẹ́.

Àǹtí Dagenham:
Ìyẹn dáa. Òfin kan wà níbí, Section 75 nínú Consumer Credit Act ti 1974, òun ni kí gbogbo wa mọ̀ ju bá a ṣe mọ orúkọ ara wa lọ. Tí ohun tó o rà bá ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000 lọ, ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì yẹn àti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n jọ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣọ́ọ̀bù kú, káàdì ò kú. Kódà kó jẹ́ £10 lo fi káàdì san nínú owó ọjà, tó o fi kéèṣì san ìyókù, gbogbo owó tó o san lórí ọjà yẹn ló wà lábẹ́ òfin, torí iye ọjà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye tó gba inú káàdì kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń fi débíìtì san gbogbo nǹkan torí ẹ ò fẹ́ jẹ gbèsè, ẹ gbọ́ o.

Àmọ́ àwọn ibi tó ti máa ń bàjẹ́ wà. Tó o bá rà á gba inú wallet orí fóònù kan tàbí lórí ojúlé tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń tà á níbẹ̀, báǹkì lè ní kò sí okùn láàárín àwọn àti ẹni tó tajà. Káàdì orúkọ ọkọ tí ìyàwó fi ra nǹkan tara ẹ̀, ìyẹn náà máa ń di àríyànjiyàn. Ní ti gift card tí bọ̀dá yẹn fún ẹ, òun tó rà á ló lè béèrè, ìwọ ò lè béèrè, káàdì kan ṣoṣo yẹn sì gbọ́dọ̀ ju £100 lọ. £100 géérégé ò wọlé.

Fún ẹni tó lo débíìtì, chargeback ló wà, ìyẹn ni pé kí báǹkì ẹ bá ẹ gba owó ẹ padà. Òfin ìjọba kọ́ nìyẹn, ìlànà Visa àti Mastercard ni, 120 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó san kéèṣì tàbí tó fi transfer ránṣẹ́, kó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ administrator, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ti mu, kó lọ tò sẹ́yìn. Báǹkì tó ní ohun ìdúró lọ́wọ́ wọn, owó iṣẹ́ administrator fúnra ẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́, HMRC tó ń gba owó orí, gbogbo wọn ló wà níwájú wa. Ohun tó máa kù, pẹ́nì mélòó kan lórí pọ́ùn kan ni, nígbà míì kò ní sí rárá.

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Èmi tí mò ń gbé Leicester, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Jessops, ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà ńlá yẹn, torí ìlú tiwa yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1935. Wẹ́sìdé, 9 Jánúárì 2013, ni àwọn administrator láti PwC, ilé-iṣẹ́ oníṣirò owó, wọlé, nígbà tó máa fi di Fúráìdé, 11 Jánúárì, wọ́n ti ń ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa, 187 ni o, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn tó lé ní 1,300. Ọjọ́ méjì péré. Bí administrator ṣe wọlé ni wọ́n ti ní àwọn ò gba gift voucher mọ́, àwọn ò sì gba ọjà tí èèyàn fẹ́ dá padà. Kérésìmesì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ẹ wá ro iye èèyàn tí wọ́n ti fi voucher ṣe lóore. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé òun máa ná tòun tí owó oṣù bá wọlé, kó tún èrò ara ẹ̀ pa.

Ẹ wá wo HMV, ìyẹn tó ń ta CD. 15 Jánúárì ọdún yẹn kan náà ni wọ́n wọ administration, àwọn náà kọ́kọ́ ní àwọn ò gba gift card. Àwọn oníbàárà figbe ta, nígbà tó di 22 Jánúárì wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní kí wọ́n máa gbà á. Ọwọ́ administrator ló wà, kò sí òfin tó fipá mú un. Ẹ má gbé ìrètí lé ìyẹn.

Àmì tí mo máa ń wò kì í ṣe ohun tí ọmọ kaǹtà bá sọ, òun náà ò mọ nǹkan kan. Pẹpẹ ni mò ń wò. Tí ẹ bá rí i pé àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń kó kámẹ́rà sí ṣófo, tí wọ́n wá tẹ́ ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kó lè dà bíi pé ibẹ̀ kún, àwọn tó ń kó ọjà fún wọn ti ń béèrè owó lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé nǹkan wá nìyẹn. Ẹ tún lè wo Companies House, ibi tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí bóyá wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fi ìṣirò owó wọn sílẹ̀. The Gazette, ìwé ìkéde ìjọba, ni wọ́n ń kéde sí tí administrator bá ti wọlé.

Ìyá Àdùnní Peckham:
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé kámẹ́rà sójú, ẹ dán lẹ́ǹsì wò títí, ọmọ ọlọ́mọ dúró tì yín fún odidi wákàtí kan ó ń ṣàlàyé, ẹ bọ́ síta ẹ fi fóònù rà á lórí Amazon torí ó fi £30 dín. Ṣé ẹ rántí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé Jessops kan nígbà yẹn, tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà pé wọ́n ra ọjà lọ́dọ̀ Amazon? Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín fọ́tò ẹ̀ kiri. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa wá ń sunkún pé àti kékeré lẹ ti ń lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Òótọ́ wà níbẹ̀ màmá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń kì sápò, tí ẹnikẹ́ni máa ń rà lọ fi ya ìkómọ, òun ló ń mú owó wọlé fún wọn, fóònù sì pa á. Wọ́n tún ti ru gbèsè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2009 HSBC sọ gbèsè tó wà lọ́rùn wọn di ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Èmi rò pé kódà ká ní gbogbo onífọ́tò òwàmbẹ̀ ní London ló ń rajà níbẹ̀, kò ní gbà wọ́n là.

Peter Jones, oníṣòwò tó wà lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Dragons' Den, ló wá ra orúkọ náà lẹ́yìn, wọ́n sì ti tún ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kí oṣù Máàṣì tó parí. Ẹ fi sọ́kàn o, ẹni tó bá ra orúkọ lọ́wọ́ administrator, gbèsè àtijọ́ kì í sábà tẹ̀lé e. Bóòdù kan náà lẹ máa rí, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni.

Bọ̀dá Maryland:
Ẹ kú àṣálẹ́ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Ní tiwa níbí, Ritz Camera ni. Beltsville ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Prince George's County mọ ibẹ̀. 1918 ni wọ́n ti wà. Ní Fẹ́búárì 2009 wọ́n wọ Chapter 11 (orí kan nínú òfin gbèsè Amẹ́ríkà) tàwọn ti nǹkan bí 800 ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ọkọ̀ ojú omi tí ìyẹn náà ń jẹ owó wọn. Wọ́n gé e kù, wọ́n jáde, nígbà tó di Júùnù 2012 wọ́n tún padà síbẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà, ẹ wo nọ́ńbà Chapter yẹn dáadáa. 11, wọ́n ṣì ń gbìyànjú láti tún ilé tò, wọ́n sì lè tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù láti máa gba gift card nìṣó. 7, wọ́n ń tà á palẹ̀ ni. Calumet tó ń ta kámẹ́rà ní Chicago, Chapter 7 ni wọ́n gbà ní Máàṣì 2014, ìlẹ̀kùn kàn tì ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tiwọn ní UK lọ́dọ̀ yín ṣì ń tajà. Dìpọ́síìtì ní tiwa ní àyè díẹ̀ níwájú àwọn yòókù tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè, títí dé iye kan tí òfin dá, àmọ́ ti gift card, àwọn adájọ́ fúnra wọn ò fẹnu kò lórí ẹ̀. Kírẹ́díìtì káàdì ṣì ni bàbá níbí náà, ẹ kọ̀wé sí wọn kó tó pé 60 ọjọ́ tí statement jáde.

Ọmọ Sheffield:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tó ń dúró ní kaǹtà yẹn, part-time, student visa. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa lóòótọ́, inú ìwé ìròyìn làwa náà ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má máa jágbe mọ́ wa, ẹnì kan ju gift card lù mí lánàá. Tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ṣé owó tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ti wọgbó nìyẹn?

Àǹtí Dagenham:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Kò wọgbó. Insolvency Service ti ìjọba ló máa san án, administrator máa fún ẹ ní nọ́ńbà tó o máa fi béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó iṣẹ́ tí wọn ò tíì san, títí dé ọ̀sẹ̀ 8, owó ìsinmi títí dé ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n ní iye tí wọn kì í kọjá lọ́sẹ̀ kan ṣá. Redundancy gangan, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ló ń béèrè ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́. Má bẹ̀rù visa, kò sí lára public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí visa ò jẹ́ kó o gbà. Payslip ẹ àti rota, wà wọ́n jáde nísinsìnyí tí ímeèlì iṣẹ́ ṣì ń ṣí.

Tẹ́nì kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ló ṣe sponsor visa fún un, ìyẹn kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ lónìí. Home Office sábà máa ń fún èèyàn ní 60 ọjọ́ ni lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀wé sí i.

Onífọ́tò Woolwich:
Àǹtí, kámẹ́rà mi ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Tìẹ ni, administrator ò lè tà á mọ́ ọjà wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni kó o fi hàn pé tìẹ ni lóòótọ́, nígbà tí wọ́n bá ti kó gbogbo ẹ̀ sínú wárẹ̀háòsì kan. Mú ìwé àtúnṣe tí wọ́n fún ẹ àti serial number dání. Tí o ò bá mọ nọ́ńbà yẹn, ṣí fọ́tò kan tí kámẹ́rà yẹn yà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ Canon àti Nikon ló ń kọ nọ́ńbà ara wọn sínú fáìlì, wo ibi EXIF. Lọ gbé e lọ́la, bóyá wọ́n ti tún un ṣe tàbí wọn ò tíì tún un ṣe. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, san owó ẹ̀, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú títí wàá fi san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó fọ́tò ìgbéyàwó sórí wẹ́bùsáìtì wọn fún photobook, ẹ tètè kó o wálẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Tòkunbọ̀ Salford:
Èmi ń dúró de closing down sale ní tèmi. Mo fẹ́ ra body méjì (kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì) fún àbúrò mi ní Ìkẹjà. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi owó wọn wé ti ibòmíì kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ yẹ gbogbo ẹ̀ wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, torí tó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, lọ́wọ́ ta lẹ fẹ́ dá a padà sí? Gáráńtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà lẹ máa gbé ara lé, ẹ ka ìwé ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè míì, torí náà ó lè má wúlò fún ẹni tó wà ní Ìkẹjà. Gáráńtì tí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ bá fẹ́ tà fún yín lé e lórí, ẹ kọ̀ ọ́, àyàfi tí ilé-iṣẹ́ insurance bá wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ sì rí orúkọ wọn. Èyí tí wọ́n ti gbé sí ìta fún oníbàárà láti máa tẹ̀, ẹ bi wọ́n ní shutter count, ìyẹn iye fọ́tò tó ti yà.

Onífọ́tò Woolwich:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń lọ síbẹ̀ báyìí, mo sì ti kọ ímeèlì pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ tí lẹ́ǹsì máa dé. Ó ku ti Sátidé. Ta ló ní 70-200 tó lè yá mi nítòsí?

Ìyá Àdùnní Peckham:
Ọkọ mi ní ọ̀kan. Canon ni, èyí tó ti pẹ́. Ṣé ó máa wọ tìẹ?

Onífọ́tò Woolwich:
Màmá ẹ ṣeun o! Ẹnu ẹ̀ ńkọ́, EF àtijọ́ ni àbí RF tuntun? Tó bá jẹ́ EF mo ní adapter.

Ìyá Àdùnní Peckham:
Ó ní EF ni. Wá lẹ́yìn aago méje alẹ́, a kì í sí nílé kó tó di ìgbà yẹn. Kó o sì gbé e padà fún mi ní Sọ́ńdè, ó fẹ́ fi ya ìdúpẹ́.