Cefalù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: àbọ̀ ìbéèrè mi

Mo bèèrè níbí bóyá ènìyàn lè ti Palermo lọ sí Cefalù, ní erékùṣù Sicily ní Italy, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù Kẹjọ, láìwa mọ́tò. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Reluwé ò ju bíi wákàtí kan lọ. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà, ẹ tì í bọ ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ kó lù ú lóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Bí kò bá ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ sanwó ìtanràn, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ti san owó ọkọ̀.

La Rocca ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn, láàárọ̀ kùtù. Òkè náà ga tó nǹkan bíi mítà 270, òkúta ojú ọ̀nà rẹ̀ ti dán, sálúbàtà á máa yọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan sì gbé omi lítà kan ààbọ̀. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sán, oòrùn á jẹ ẹ́ níyà.

Kàtídírà tí Ọba Roger Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1131 ò gba èjìká àti orúnkún tó wà níta. Aṣọ ìborùn kan ti tó.

Ibi ìfọṣọ àtijọ́ ló wù mí jù: ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti Via Vittorio Emanuele, omi ń tú jáde lẹ́nu àwọn orí kìnnìún onírin.

Ní etí òkun, ẹ béèrè spiaggia libera, ìyẹn apá tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Àga àti agbòjò, owó ni. Ẹ yẹra fún ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọdún Ferragosto: èrò á kún yanrìn bámúbámú.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé. Ẹ ṣé o.