Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ìyá rẹ̀ wá láti Kerala: ṣé kí n fi èdè ìyá mi ṣeré?

Ọmọ Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Aláre. Òṣèré ni mí nínú ẹgbẹ́ eléré àdúgbò wa. Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Ìyá mi wá láti Kerala, ní gúúsù Íńdíà, lẹ́yìn 1979, nígbà tí Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ń wá tíṣà ìṣirò lójú méjèèjì. Ipa kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ máa ń fún mi: òyìnbó tó ń sọ Yorùbá bíi pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ará ìlú á rẹ́rìn-ín, á sì dùn mí wọra, torí Ìjẹ̀bú ẹnu mi ò lábùlà.

Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí n mú eré tèmi wá. Ìtàn ọba Mahabali tí màmá mi máa ń sọ fún wa ni mo fẹ́ ṣe. Ọba tí ará ìlú fẹ́ràn ni. Òòṣà wọn, Vishnu, para dà di aràrá, ó tọrọ ilẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ gba ayé, ìkejì gba ọ̀run. Ọba bá tẹ orí ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìkẹta. Ó di èrò ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kó máa wá wo àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn ni ọdún Onam. Màmá ṣì ń ṣe é: wọ́n á já òdòdó, wọ́n á fi ya ọnà rogodo síwájú ilé, a ó sì jẹun lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ṣé kí n fi èdè Malayalam sí i? Ẹ̀rù ń bà mí kí èrò má dìde lọ.

Ìyá Ṣàgámù

Ọmọ mi, má gba ipa òyìnbó yẹn mọ́. Tíṣà Íńdíà ló kọ́ wa ní físíìsì. Bí èsì rẹ bá tọ̀nà, wọ́n á rọra mi orí sọ́tùn-ún sósì. Àwa á rò pé a ti gbà á tì. Gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá bó ṣe rí gan-an, má sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

Ará Ọ̀sọsà

Ìlú Hubert Ògúndé ni mo ti wá. Orin àti ijó ni bàbá yẹn fi ń ṣí eré kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Fi orin Malayalam ṣí tìrẹ, kí o wá sọ Ìjẹ̀bú. Kò sẹ́ni tí yóò dìde.

Adé, Amẹ́ríkà

Ní Los Angeles níbí, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ sú àwọn òṣèré tí ìdílé wọn wá láti Éṣíà. Mako, òṣèré kan lára wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ eléré East West Players sílẹ̀ ní 1965, ó ṣì wà dòní. Má dúró de ẹni tí yóò fún ọ ní ipa gidi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún wo Kathakali, eré oníjó ti Kerala: òṣèré ò ní la ẹnu, ojú àti ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, àwọn akọrin ló ń gbẹnu sọ fún un.

Ọmọ Tíṣà

Ẹ ṣeun gan-an. Ó yé mi wàyí: ọba ò ní sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin á fi Ìjẹ̀bú gbẹnu sọ fún un, màmá mi á sì kọ orin Onam. Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwa là ń lọ kí Awùjalẹ̀. Tiwọn, ọba ló ń wá kí ará ìlú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí èrò wò dáadáa. Ta ló mọ onílù tó lè wá bá wa dánra wò nírọ̀lẹ́ Sátidé?