Másùnmáwo ní Òkè Ọya: Ohun Tí Ojú Wa Rí Pẹ̀lú Ayurveda

Ìyá Ìbejì, Kúbwà, Àbújá

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti fi Ayurveda, ìṣègùn àbáláyé àwọn ará Íńdíà, kojú másùnmáwo wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi ti lò ó, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé inú ìgò oògùn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí. Ẹni tó bá ń ti Kúbwà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kò nílò àlàyé: èèyàn yóò ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Berger, yóò lo ọjọ́ náà láàárín fáìlì àti ìpàdé, yóò sì tún gba ọ̀nà kan náà padà nígbà tí agbára ti tán. Ní tèmi, oorun ló kọ́kọ́ sá lọ. Yóò rẹ̀ mí débi pé mi ò ní lè parí oúnjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá sùn díẹ̀, ojú mi á là lóru, ọkàn mi á sì máa fò láti orí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ lánàá. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ ń kún inú mi, ìgbẹ́ kò já geere mọ́, awọ ara mi sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìpara kò ràn án. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn kò rí àrùn kankan, dókítà sì ní kí n dín wàhálà kù. (Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń dín in kù ní Àbújá, kó júwe rẹ̀ fún wa.)

Obìnrin ará Íńdíà kan, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi ní Gwarinpa, ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ìlànà yìí dá lé. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oògùn: ìgbà wo ni mo ń jẹun, ṣé gbígbóná ni àbí tútù, ṣé òtútù ń yọ mí lẹ́nu ju ooru lọ, ibo gan-an nínú ara ni ìdààmú ti kọ́kọ́ ń bá mi. Ó ṣàlàyé pé àwọn gbà pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara ọmọ ènìyàn: vata tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́, pitta tó jẹ́ ti iná, àti kapha tó jẹ́ ti omi àti ilẹ̀. Oníkálùkù ni wọ́n bí pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà másùnmáwo kì í bá gbogbo èèyàn bákan náà. Bó bá gba ọ̀nà vata wọlé, a máa mú ẹ̀rù, àìsùn, inú fífẹ́ àti ara gbígbẹ wá. Bó bá gba ti pitta, ìbínú, àyà títa àti orí fífọ́ ni. Bó bá sì jẹ́ ti kapha, ara á wúwo, oorun á pọ̀ jù, èèyàn á máa jẹun láìsí ebi, gbogbo nǹkan á sì sú u. Ó ní vata ni tèmi, àti pé ohun gbogbo tó bá gbẹ, tó tutù, tó sì ń sáré kiri ló ń ru ú sókè. Mo rẹ́rìn-ín, torí pé ọyẹ́ Òkè Ọya ló ń ṣàpèjúwe láìmọ̀. Lóòótọ́, ìgbà ọyẹ́ ni àìsùn mi máa ń le jù.

Mi ò sọ pé kí ẹ gba ọ̀rọ̀ agbára mẹ́ta yìí bí ẹ̀sìn. Kò sí ilé àyẹ̀wò tó lè wọn vata. Ohun tó wúlò fún mi ni bó ṣe jẹ́ kí n to ọjọ́ mi. Wọ́n gbà pé ọ̀sán gangan ni iná inú tó ń lọ oúnjẹ lágbára jù, nítorí náà ọ̀sán ló yẹ kéèyàn jẹ oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ lóòjọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi tíì àti bísíkíìtì ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ gbígbóná sínú fúláàsì lọ sí ọ́fíìsì, tí mo bá sì délé lálẹ́, ògì tàbí ẹ̀fọ́ díẹ̀ ti tó. Mo gbé fóònù kúrò nítòsí ibùsùn. Ìyẹn nìkan ti mú kí inú mi rọlẹ̀.

Òróró ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Abhyanga ni wọ́n ń pe fífi òróró lílọ́wọ́ọ́rọ́ pa ara, òróró yànmọ̀tí ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún ẹni tí vata ń dà láàmú, nítorí wọ́n ní ó wúwo, ó sì ń mú ara gbóná. Yànmọ̀tí yìí náà ni àwọn Hausa ń pè ní rídì, èyí tí wọ́n ń gbìn ní Nàsáráwá, Jìgáwá àti Bẹ́núé, tí wọ́n sì ń kó lọ tà ní ilẹ̀ òkèèrè. Èyí tí wọn kò yan kí wọ́n tó fún un ni kí ẹ béèrè fún; èyí tí wọ́n ti yan, tó dúdú tó sì ń ta sánsán, ti ìdáná nìyẹn. Lálẹ́, mo máa ń bu díẹ̀ sínú ife kékeré, màá gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná títí òróró á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ojúgun àti apá, ọwọ́ á máa lọ á máa bọ̀ ní gbọọrọ. Lórí orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti èjìká, ọwọ́ á máa yí po. Màá jókòó lórí ògbólógbòó aṣọ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí n tó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi àdí àti òrí pa ọmọ tuntun lára kò ní rí i bí ohun àjèjì. Oorun kò padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti ń sùn di ìdájí.

Bàbá Aláṣọ, Sábọ́n Gàrí, Kánò

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín pátápátá, torí ìbínú ni. Láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, tí ooru bá gba ìlú Kánò, tí kò sí iná, tí oníbàárà sì ń ná ọjà láìní í lọ́kàn láti rà á, mo máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lóru, àyà á máa ta mí, orí á sì máa fọ́ mi. Ọmọ mi tó kàwé ní Íńdíà ló sọ fún mi pé pitta ni wọ́n ń pe irú èyí, àti pé ata, oúnjẹ díndín, ohun kíkan àti fífi ebi pa ara ẹni ló ń koná mọ́ ọn. Ẹ wá sọ fún ọmọ Ìbàdàn pé kó má jẹ ata! Mo dín in kù, mi ò fi í sílẹ̀. Àmọ́ mi ò fi ebi ṣí ìsọ̀ mọ́, òróró àgbọn ni mo sì ń fi pa orí kí n tó sùn.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni mímí kan tí wọ́n ń pè ní sheetali. Èèyàn á ká etí ahọ́n méjèèjì sókè títí á fi dà bí ọ̀pá ihò, á yọ orí rẹ̀ síta díẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, á pa ẹnu dé, á sì mí jáde gba imú. Afẹ́fẹ́ náà máa ń tutù lórí ahọ́n. Mo máa ń ṣe é nínú ìsọ̀ kí n tó dá oníbàárà tó mú mi bínú lóhùn. Ẹnì kan bi mí bóyá kò ta ko ẹ̀sìn mi. Mo ní mímí ni, mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Àfáà wa pàápàá gbọ́, wọn kò sì rí àléébù nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku dé, mo máa ń dáwọ́ rẹ̀ dúró, nítorí ẹnu kì í sẹ́ eruku bí imú.

Nọ́ọ̀sì, Kàdúná

Ẹ̀yin àgbà, inú mi dùn pé oúnjẹ, òróró àti mímí ni ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé ibi tí èmi ti bá Ayurveda pàdé kò dára tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wá bá wa, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó ń làágùn, kò sì lè sùn. Ó ń lo oògùn tairọ́ọ̀dù (ẹṣẹ́ inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ) láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Nígbà tó tú báàgì rẹ̀, ike ashwagandha kan jáde, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é. Ó ní nítorí másùnmáwo lòún ṣe ń lò ó, àti pé bí àyà òun ṣe ń lù sí i lòún ṣe ń fi kún un.

Gbòǹgbò igi ni ashwagandha, àwọn ìwádìí kan sì fi hàn pé ó lè dín másùnmáwo kù fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ru iṣẹ́ tairọ́ọ̀dù sókè, ó ti pa àwọn kan lẹ́dọ̀ lára, ó sì lè mú kí oògùn oorun ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Orílẹ̀-èdè Denmark fòfin dè é ní 2023. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka Ayurveda kan wà, rasa shastra, tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irin bí òjé àti mákíúrì ṣe oògùn. Ní 2008, JAMA, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, gbé àyẹ̀wò oògùn Ayurveda 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn ló ní òjé, mákíúrì tàbí àsénìkì nínú, májèlé sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti vata tó ń sáré kiri, ohun tí wọ́n kọ́ àwa ni pé ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ló ń tú adrenaline àti cortisol, omi ara tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀, tí ọkàn fi ń yára lù, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kúrò nídìí oúnjẹ lọ sínú ẹran ara apá àti ẹsẹ̀. Hans Selye, tó ṣe ìwádìí ní Montreal ní Kánádà, kọ ọ́ ní 1936 pé ara á kọ́kọ́ ta gìrì, á fara dà á, á sì wá rẹ̀ wálẹ̀ bí ìdààmú náà kò bá dáwọ́ dúró. Mímí díẹ̀díẹ̀ àti oorun déédéé ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ewu ti kọjá, ìyẹn kò sì nílò nọ́ńbà NAFDAC kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Lúgbe, Àbújá

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí onílé bá fi kún owó ilé, tí owó oṣù sì wà níbi tó wà, ṣé òróró yànmọ̀tí ló máa san án? Ìbéèrè kejì: ìyàwó mi lóyún, kì í rí oorun sùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti gbé ike ashwagandha wá fún un. Ṣé kó lò ó?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà, Àbújá

Àbúrò mi, òróró kì í san owó ilé. Ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí oorun mi tó padà, mi ò lè jókòó ṣírò owó láìbú sẹ́kún. Lẹ́yìn tí mo ti ń sùn, mo lọ bẹ ọ̀gá mi pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka tí kì í jókòó di alẹ́, wọ́n sì gbà. Owó oṣù kò lé, ọ̀nà Kúbwà kò yí padà, àmọ́ mo ń délé nígbà tí mo ṣì lè dáná.

Nọ́ọ̀sì, Kàdúná

Bọ̀dá, rárá o, kí aboyún má fi ashwagandha kan ẹnu. Ẹ mú ike náà dání tí ẹ bá ń bá ìyàwó yín lọ síbi ìtọ́jú aboyún, kí àwọn tó ń tọ́jú wọn rí i. Bí ìyàwó yín kì í bá sùn rárá, tí wọ́n ń sunkún ṣáá tàbí tí wọ́n ń sọ pé ayé sú àwọn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ní ti òróró, ẹ lè fi pa wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ àti èjìká ní fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má tẹ ikùn, ẹ sì nu ẹsẹ̀ wọn dáadáa kí wọ́n tó dìde lórí táìlì.